Ẹ Má Fi Iṣẹ́ Abẹ Ikùn Pamọ́ fún Ará Ilé

Obìnrin tó ti bímọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ ohun tí oyún ń fi ikùn ṣe. Awọ á nà, á sì kọ̀ kò padà sípò. Iṣan méjì tó dúró láàárín ikùn á yà kúrò lára ara wọn, ikùn á wá máa yọ síta bí ẹni pé oyún ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ará ọjà á máa kí i pé Ọlọ́run á sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, nígbà tí ọmọ tó bí kẹ́yìn ti ń lọ sílé ìwé. Nítorí náà, bí obìnrin kan bá sọ pé òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn tí wọ́n ń pè ní tummy tuck, n kò ní bú u. Ara rẹ̀ ni, owó rẹ̀ sì ni. Àṣírí tí wọ́n fi ń bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ ni mo ń kìlọ̀ fún. Ọkọ gbọ́ pé ìyàwó òun lọ sí ìpàdé ní Àbújá. Ìyá gbọ́ pé fáíbírọ́ìdì ni wọ́n lọ yọ. Àwọn ọmọ kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, abiyamọ á padà wọlé tòun ti rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi ọgbẹ́ lábẹ́ aṣọ, á sì fẹ́ máa bá iṣẹ́ ilé lọ bí i ti tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ ńlá ni. Dókítà á la ìsàlẹ̀ ikùn láti ìbàdí kan dé èkejì, á ṣí awọ kúrò lára ẹran lọ sókè, á rán iṣan tó yà pọ̀, á gé awọ tó ṣẹ́ kù dànù, á sì wá ojú tuntun fún ìdodo. Ẹni tí wọ́n ti fi abẹ gbé ọmọ jáde nínú rẹ̀ rí á ní òun mọ irora yìí. Ojú ọgbẹ́ èyí gùn ju tìyẹn lọ dáadáa. Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà tí a kì í rò: ọmọ tuntun ló máa ń kó èrò wá sílé. Ìyá á wá wẹ ọmọ, àbúrò á wá fọṣọ, aládùúgbò á gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Ikùn tí wọ́n gé nítorí ẹwà kì í pe ẹnikẹ́ni wá, pàápàá bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀.

Bẹ́ẹ̀, ìrànlọ́wọ́ tí ẹni tí wọ́n ṣe é fún ń fẹ́ kò kéré. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò ní lè nàró tán. Yóò máa tẹ̀ síwájú díẹ̀ bó bá ń rìn, yóò sì máa sùn pẹ̀lú ìrọ̀rí lábẹ́ orí àti lábẹ́ orúnkún. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa da omi inú rọ́bà náà nù, kó sì máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún dókítà. Aṣọ tó fún mọ́ra tí wọ́n bá fún un, á wọ̀ ọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn náà, kò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù tó wúwo. Ẹrù tó wúwo náà sì ni ọmọ. Ọmọ ọdún kan lè tó kílò mẹ́sàn-án, èyí tó ju ohun tí ikùn tuntun lè gbà lọ. Kò sí gbígbé e, kò sí pípọ̀n ọ́n, nítorí òjá gan-an, orí ojú ọgbẹ́ ni yóò fún mọ́. Ọmọ ọdún méjì kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ abẹ. Á sáré wá, á fò mọ́ ìyá rẹ̀. Àfi kí ẹlòmíràn wà nítòsí tí yóò dá a dúró. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi gbígbóná ló ń kó mi lọ́kàn sókè jù. Nílẹ̀ wa, bí obìnrin bá bímọ, ìyá á gbé omi kaná, á ti táwẹ́lì bọ̀ ọ́, á fi tẹ ikùn rẹ̀. Ìfẹ́ ló ń fi ṣe é. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tummy tuck, èèwọ̀ ni. Abẹ ti gé àwọn iṣan kéékèèké tó ń jẹ́ kí awọ mọ gbígbóná àti tútù, ikùn á sì kú tipiri fún ọ̀pọ̀ oṣù. Omi á bó o, kò ní mọ̀, títí yóò fi rí i pé awọ ti ń ṣí. Ẹ̀jẹ̀ kò sì tíì ṣàn dáadáa dé awọ náà, kì í tètè jinná. Rọ́bà omi gbígbóná tí a ń gbé lé ikùn, ọ̀kan náà ni. Ìyá tí a purọ́ fún ni yóò ṣe irú èyí fún ọmọ rẹ̀, tí yóò sì máa rò pé ìtọ́jú ni òun ń ṣe.

Ohun tó sì ń pa ènìyàn kíákíá ni ẹ̀jẹ̀ dídì. Bí aláìsàn bá dùbúlẹ̀ pẹ́ jù, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ẹsẹ̀, kó ṣí kúrò níbẹ̀, kó lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e dìde kó rìn díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, tí kò sì dára kó wọ ọkọ̀ òfuurufú ọlọ́nà jíjìn láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ yọ̀ǹda. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ń ro ó, tí àyà ń dùn ún, tàbí tí èémí kò já geere, ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà. Bí ibà bá gbé e, tí ojú ọgbẹ́ pupa tàbí tó ń rùn, tàbí tí awọ ń dúdú, kó má ṣe dúró di ọ̀la. Ẹ wo ohun tí àṣírí ń fà níbí: ọkọ gbé ìyàwó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ní ibà lásán ni, wọ́n ń fún un ní oògùn ibà, àkókò sì ń lọ.

Ọlá àti owó kò ní kí iṣẹ́ abẹ ẹwà má pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá, 2005, Stella Obasanjo, ìyàwó Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹwà ní ilẹ̀ Sípéènì. Ilé ẹjọ́ níbẹ̀ dá dókítà tó ṣe é lẹ́bi ní 2009. Ní ti BBL, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gún ọ̀rá sí ìdí kó lè tóbi, tí wọ́n ń so pọ̀ mọ́ tummy tuck fún àwọn abiyamọ, ó léwu jù: ọ̀rá tí wọ́n gún sí ìdí lè bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, kó sì gba ibẹ̀ dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Ìgbìmọ̀ àwọn dókítà kan tó yẹ̀ ẹ́ wò ní 2017 ṣírò pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan kú nínú 3,000. N kò rí ìdí kankan tí ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ yóò fi ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wádìí bóyá dókítà náà ní ìwé àṣẹ tọdún yìí láti ọ̀dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà ní ìwé àṣẹ ní Nàìjíríà, àti bóyá iṣẹ́ abẹ ara títúnṣe gan-an ló kọ́. Ẹ béèrè ẹni tí yóò kun yín lóorun. Ẹ sọ jẹ́nótáìpù yín, ẹ sọ bí ẹ̀jẹ̀ yín bá ń ga, ẹ sì sọ gbogbo àgbo tí ẹ ń mu, nítorí àwọn kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Ẹ fi àpá iṣẹ́ abẹ àtijọ́ han dókítà náà: bó bá wú sókè, tuntun náà lè wú. Ẹni tó bá ṣì ń fọ́mọ lọ́mú, tàbí tó ṣì fẹ́ bímọ sí i, kó ní sùúrù. Oyún mìíràn yóò tún na ohun tí wọ́n rán.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹnì kan jókòó nínú ilé, ọkọ ni o, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, kí ẹ sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un: ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe é, orúkọ ilé ìwòsàn, nọ́ńbà dókítà, ohun tó yẹ kó máa ṣọ́. Bí kò bá sí ẹni tó lè gba ọmọ lọ́wọ́ yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú.