Fóònù Tó Dákẹ́ àti Fóònù Tí Kò Dún

Gbólóhùn kan wà tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Bàríga l'Ékòó yá: "Fóònù mi ti dákẹ́." Bí rédíò bá dákẹ́, bí jẹnẹrétọ̀ bá dákẹ́, ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá sì ní bàbá kan dákẹ́ lóru àná, ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, bí ìyá kan bá na fóònù sí ọmọkùnrin tó jókòó sábẹ́ agboòrùn, tó ní ó ti dákẹ́, irin tí wọ́n fi ń tú ẹ̀yìn fóònù ni ọmọ náà yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí.

"Ṣé omi wọ̀ ọ́ ni, mà? Àbí ó já bọ́?"

"Omi kọ́. Ó ń tàn dáadáa. Àwọn ọmọ ló ń pè mí, tí n kì í gbọ́."

"Háà. Kò dákẹ́ nígbà náà, mà. Kò dún ni."

Ó wo òkè ojú fóònù, ó rí àmì òṣùpá kékeré kan níbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, òṣùpá pòórá. Ó fi fóònù tirẹ̀ pe nọ́ńbà ìyá náà, fóònù sì dún. Kò tú ohunkóhun.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá ìró kọ̀ọ̀kan mu, ẹni tó bá sì mú èyí tó yẹ yóò tètè rí ẹni bá a tún nǹkan rẹ̀ ṣe. Ajá ń gbó, àkùkọ ń kọ, ẹṣin ń yán, kìnnìún ń bú ramúramù. Fèrè ni à ń fọn, ìlù ni à ń lù, gìtá ni à ń ta. Ṣaworo ń dún wọnranwọnran. Kò yẹ kí èdè tó ya gbogbo èyí sọ́tọ̀ báyìí wá máa wá ọ̀rọ̀ tì nítorí fóònù. Síbẹ̀, "fóònù ẹ ń ring" ni à ń gbọ́ káàkiri, a sì ń gbọ́ "fóònù ẹ ń pè" pẹ̀lú. Èkejì yìí ló dùn mí jù, torí ó dà bíi Yorùbá, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ló ń pè. Fóònù ń dún.

Àwọn kan ń sọ pé fóònù ń ké. Mi ò bá wọn jà, torí fóònù kan wà tó jẹ́ pé igbe gan-an ló ń ké. Ṣùgbọ́n dún ló gba gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ró sílẹ̀ fún ìgbà tí ìró bá rìn jìnnà: "Fóònù rẹ̀ ró débi tí a jókòó sí." Bí ẹni tí a pè bá sì dáhùn, ó jẹ́ ìpè náà nìyẹn. "Mo pè é títí, kò jẹ́." Yorùbá tó gún régé nìyí, ó sì ti wà lẹ́nu wa kí ẹnikẹ́ni tó ní fóònù, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà la ti ń pe ara wa. Gbígbé fóònù náà dára. "Kò pick" ni kí a jẹ́ kó sinmi.

Kí wá ni orúkọ ohun tó ń dún gan-an, tí gbogbo ayé ń pè ní ringtone? Ohùn ìpè ni àwọn kan ń lò, ìró ìpè ni àwọn mìíràn. Ìró ìpè ni mo fara mọ́. Ohùn, ti ènìyàn ni lákọ̀ọ́kọ́. Òun náà ni olùkọ́ èdè mú fún ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, ẹrù rẹ̀ sì ti pọ̀ tó. Ìró ni ohun tí etí gbọ́ láti òkèèrè, kódà kí a tó mọ ẹni tó ni ín. Inú rẹ̀ la ti rí gbúròó, ìyẹn gbọ́ ìró. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ní "a ò gbúròó yín mọ́", fóònù tí kò dún lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń wí. Ẹni tó ń ka Bíbélì Yorùbá, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú àwọn tó túmọ̀ rẹ̀, mọ̀ pẹ̀lú pé ìpè ni wọ́n pe fèrè ńlá tí wọ́n fi ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ, nítorí náà ìró ìpè kì í ṣe àjèjì sí etí wa. Bí ìró yìí bá jọ ìró tí a ń ró mọ́ bùbá, gbólóhùn tó yí i ká yóò fi ìyàtọ̀ hàn.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo fóònù alágbèéká ní ìbẹ̀rẹ̀ mọ iye tí ìró kan tó. Nígbà tí Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2001, ₦50 ni ìṣẹ́jú kan, bí o bá sì lo sẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá péré, owó ìṣẹ́jú kan ni wọn yóò yọ. Owó yẹn ló sọ fíláàṣì di ohun gbogbo ènìyàn. Èèyàn á pè, fóònù á dún lẹ́ẹ̀kan, á gé e. Ìtumọ̀ rẹ̀ wà láàárín ẹni méjèèjì: mo ti délé, jáde wá, mo wà lẹ́nu ọ̀nà, pè mí, owó mi ti tán. Àrokò ni. Owó ẹyọ àti ìyẹ́ ẹyẹ ni àwọn baba wa fi ń pàrokò, ìró fóònù ni àwa fi pa tiwa. Nígbà tí Globacom wọlé ní 2003 tó ń gba owó ní sẹ́kọ́ǹdì-sẹ́kọ́ǹdì, ìnira náà dínkù, ṣùgbọ́n àrokò kò tíì tán. Ẹ bi àwọn awakọ̀ tó máa ń dúró níwájú ilé.

Ìró Nokia ló gbayé kan nígbà náà. Inú Gran Vals ni wọ́n ti yọ ọ́, iṣẹ́ Francisco Tárrega ọmọ ilẹ̀ Spéènì, ògbóǹtagí nínú gìtá, ní 1902. Bí ẹnì kan bá gbàgbé láti pa á nínú mọ́sálásí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, ènìyàn mẹ́wàá ló ń fọwọ́ tẹ àpò, torí ìró kan náà ni gbogbo wọn ní. Èyí gan-an ló mú kí ènìyàn máa wá ìró tirẹ̀.

Ní Ṣómólú, nítòsí Bàríga, ìdí mìíràn tún wà. Ìlú atẹ̀wé ni. Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ṣiṣẹ́ lójúmọmọ, ẹ̀rọ tó ń gé bébà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù nígbà tí iná bá lọ. Oníbàárà tó ń retí káàdì ìgbéyàwó á pe atẹ̀wé, atẹ̀wé kò ní gbọ́, oníbàárà á sì gbé iṣẹ́ lọ sí òdìkejì títì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ mú orin tó kún fún ìlù ńlá. Spíkà fóònù kéré, kò lè gbé ìró tó wúwo jáde, gbogbo bí ìlù náà ṣe ń dún gbì-gbì nínú mọ́tò ni yóò pòórá nínú fóònù. Ìró tó ń lọ gooro ló ń la ariwo kọjá: agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹnu dùndún tó mú.

Bí a bá sì dárúkọ dùndún, ọ̀rọ̀ gígé dé nìyẹn. Ìró ìpè kì í gùn. Ọgbọ̀n sẹ́kọ́ǹdì ni ó tó fún un, òun náà sì ni ìwọ̀n tí iPhone ń retí. Ẹni tó bá fẹ́ fi oríkì ìdílé rẹ̀ ṣe ìró ìpè gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò ti gé e, torí ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni ìlù ń sọ. Gé e ní ìdajì ọ̀rọ̀, ìlù á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan mìíràn. Kò sẹ́ni tó mọ èdè àyàn bí ẹni tó mú ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. Bàríga kò ṣaláìní onílù. Ibẹ̀ ni Crown Troupe of Africa, tí Segun Adefila dá sílẹ̀ ní 1996, ti ń fi ijó, ìlù àti eré kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ẹ bẹ onílù kan kó lu oríkì yín tán, ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀ níbi tí ariwo kò sí, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí gbólóhùn parí sí. Bí orin ni ẹ fẹ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ dáadáa nígbà tí ẹ bá ń fi í pamọ́. Àwo tí 9ice, olórin tó dàgbà ní agbègbè Ṣómólú àti Bàríga, gbé jáde ní 2008, "Gongo Aso" ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni: Gọ́ńgọ́ á sọ.

Lórí fóònù Android, inú fódà tí wọ́n kọ Ringtones sí ni kí ẹ gbé ìró náà sí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Settings, ẹ wọ ibi ìró, ẹ yàn án. Fóònù onísíìmù méjì lè gba ìró kan fún síìmù kọ̀ọ̀kan, èyí tó wúlò fún ẹni tí síìmù kan rẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìpè ìyá yín ní ìró tirẹ̀, orúkọ wọn gbọ́dọ̀ wà lórí fóònù tàbí nínú àkáǹtì Google. Orúkọ tó wà lórí síìmù kò ní àyè tí a lè so ìró mọ́. Ẹ má sọ pé "mo ti set ẹ̀". "Oríkì wa ni mo fi ṣe ìró ìpè mi" ti tó.

Mo wá padà sí ọ̀rọ̀ àléébù tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí fóònù ń ṣe gan-an, atúnṣe á mọ ibi tí yóò wò. Bí ẹ bá ní "ó ń gbọ̀n, kò dún", ó mọ̀ pé wọ́n ti fi í sí gbígbọ̀n nìkan. Bí ẹ bá ní "ó ń dún, kò ròkè", ó mọ̀ pé bọ́yá nígbà tí orin ń dún ni ẹ gbé ìró sókè, tó fi jẹ́ pé ti orin ló lọ sókè tí ti ìpè wà nísàlẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti orin, ọ̀tọ̀ ni ti ìpè, ọ̀tọ̀ ni ti aago ìtanijí. "Ohùn rẹ̀ há" ń tọ́ka sí spíkà: eruku lè ti dí ihò rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ á sì gbá a, tàbí kó jẹ́ pé spíkà ti ya, èyí tó gba owó. (Ẹ rí i pé mo lo ohùn níbí. Nígbà tí fóònù bá ń ṣe bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn, ohùn tọ́ sí i.) "Ó padà sí ti tẹ́lẹ̀" ń sọ pé ẹnì kan ti yọ mẹ́mórì káàdì tí ìró náà wà lórí rẹ̀, tàbí pé ẹ ti pa fáìlì rẹ̀ rẹ́. "Ìpè lásán ń dún bí mo ṣe fẹ́, ti WhatsApp kò ṣe bẹ́ẹ̀" kì í ṣe àìsàn rárá, inú WhatsApp fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń yan tirẹ̀. Orin tí ẹ sì fi pamọ́ sínú Boomplay kò ní hàn níbi tí a ti ń yan ìró, torí wọ́n ti tì í mọ́ inú ibẹ̀.

A tún máa ń da ìró ìpè pọ̀ mọ́ orin tó wà lórí láìnì, èyí tí wọ́n ń pè ní caller tune. Ẹni tí a pè ló ń gbọ́ ìró ìpè, ẹni tó pè ló ń gbọ́ orin orí láìnì. Ọ̀kan wà nínú fóònù yín, ọ̀fẹ́ ni. Èkejì wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni láìnì, owó rẹ̀ sì ń jáde látinú káàdì tí ẹ rà títí ẹ ó fi ní kí wọ́n yọ ọ́. Ẹni tó bá sọ fún atúnṣe pé "ẹ bá mi yí orin tí wọ́n ń gbọ́ tí wọ́n bá pè mí" ti lọ síbi tí kò yẹ. Kò sí sukuru tí yóò tú tó máa dé ibẹ̀.

Nípa kíkọ, ọ̀rọ̀ kan péré. Pè àti tẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀, dò ni wọ́n. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé wọn, wọ́n á di re: mo pe Bọ́lá, wọ́n ń tẹ ìwé ní Ṣómólú. Bí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ bá tẹ̀ lé wọn, wọ́n á dúró síbi tí wọ́n wà: mo pè é, wọ́n tẹ̀ mí láago. "Mo pè Bọ́lá" tí a ń rí nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kò tọ́.

Pè yìí náà ló tún ń fa àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Ọmọdé rí i pé àgbà ti pe òun, ó kọ̀wé: "Mo máa pè yín padà, mà." Ní Yorùbá, ẹni tó ti jáde nílé tí a sì fẹ́ kó yí padà ni à ń pè padà. "Wọ́n pe awakọ̀ náà padà láti Fádéyí." Ẹ wo ọmọ tó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun máa dá wọn padà lọ́nà. Ohun tó yẹ kó kọ ni: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Mo bá ìpè yín lórí fóònù. A wà nínú ìsìn, mo pa ìró rẹ̀ ni. Màá pè yín bí a bá ti ṣe tán."