Orí Kẹfà: Eyín Tó Ń Dunni, Ibo Ni Ìrora Náà Ti Wá?

Ẹni tí eyín ń dùn kì í fẹ́ gbọ́ ìtàn. Kí ìrora náà lọ, kí òun rí oorun sùn, ìyẹn ló ń wá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sáré ra oògùn lọ́dọ̀ olóògùn àdúgbò, tí wọ́n á gbé e mì, tí wọ́n á sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà títí yóò fi tún bẹ̀rẹ̀. Oògùn ìrora kò mọ ibi tí nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ni eyín lẹ lè kọ́kọ́ fura sí i, bí ẹ bá ń ṣọ́ ìgbà tí ìrora náà ń dé, ohun tó ń fà á, àti bó ṣe ń pẹ́ tó.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé kòkòrò ló ń jẹ eyín. Àwọn ará Bábílónì àtijọ́ náà gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1728, oníṣègùn eyín ará Faransé kan, Pierre Fauchard, kọ ọ́ sínú ìwé pé òun wá kòkòrò yìí, òun kò rí i. Nígbà tó di 1890, W. D. Miller, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an: àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ń jẹ ṣúgà tó kù sí wa lẹ́nu, omi kíkan tí wọ́n ń tú jáde ló sì ń jẹ eyín. Nítorí náà àwọn àgbà kò jìnnà sí òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ń yọ ìdin jáde lẹ́nu yín, tó sì ń gbowó, ẹ̀tàn ló ń ṣe.

Ara òde eyín le ju egungun lọ. Kò sí ohun tó le tó o nínú ara èèyàn, kì í sì í mọ ìrora. Abẹ́ rẹ̀ ni ìpele kejì wà, tó rọ̀ díẹ̀, tó sì ní ihò tíntìntín lọ́pọ̀lọpọ̀. Láàárín gbùngbùn ni ẹran rírọ̀ wà, pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ.

Bí omi tútù tàbí nǹkan dídùn bá kan eyín, tó ta yín, tó sì lọ lójú ẹsẹ̀, ìpele kejì ló ṣí sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ihò kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ ń fi pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì ha eyín ju bó ṣe yẹ lọ, tí ẹran ìdí rẹ̀ fi ń sún sẹ́yìn. Àmọ́ bí ẹ bá mu ẹ̀kọ gbígbóná, tí ẹ ti gbé ife sílẹ̀, tí eyín náà ṣì ń dùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ọ̀rọ̀ ti dé inú. Ẹran tó wà láàárín eyín ti wú, kò sì ríbi fẹ̀ sí. Irú eyín yìí kì í jẹ́ kéèyàn sùn: béèyàn bá dùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á túbọ̀ wá sí orí, eyín á máa sọ gì, gì, gì.

Lọ́jọ́ kan, ìrora náà á dédé dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ á ní Ọlọ́run ti ṣe é. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣan inú eyín ló ti kú. Àrùn náà kò lọ. Ìdí eyín nínú egungun ló ń sọ̀kalẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni yóò ti di ọyún.

Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé ìgbà tó bá ń jẹun nìkan ni eyín ń dùn ún. Ó gé ẹran jẹ, kò dùn ún. Bó ṣe la ẹnu ni nǹkan ta á ṣáṣá. Eyín rẹ̀ lè ti sán. Òkúta inú ìrẹsì lè fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kùrọ́ tí wọ́n fẹyín pa, egungun, tàbí ìdérí ìgò tí àwọn ọkùnrin kan ń fẹyín ṣí láti fi hàn pé àwọn lágbára. Eyín tó sán ń yọ dókítà pàápàá lẹ́nu, torí kì í sábà hàn nínú fọ́tò X-ray.

Nígbà míì, eyín kọ́ ló ṣẹ̀. Bí eyín òkè lápá ẹ̀yìn bá ń dùn bíi mélòó kan pa pọ̀, tó ń le sí i bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí imú sì dí, ihò tó wà nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ fura sí. Ẹni tó ń payín keke lójú oorun á máa jí pẹ̀lú àgbọ̀n ríro. Bí àgbọ̀n bá ń dùn nígbà tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn tàbí tí ẹ gbé ẹrù, tó sì rọ̀ nígbà tí ẹ sinmi, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ọkàn yín wò kíákíá.

Ẹ má sì bínú sí dókítà eyín tó bá ní eyín tí ẹ nawọ́ sí kọ́. Iṣan eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ pàdé ní ojú kan náà, ó sì rọrùn fún ọpọlọ láti ṣì wọ́n mú. Bí dókítà ṣe ń fi ìdí irin gbá eyín kọ̀ọ̀kan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tó ń fi nǹkan tútù kàn án, ìwádìí ló ń ṣe. Bí ẹ bá ń wá irú dókítà bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka ìtọ́jú eyín wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Ilé-Ifẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ lè fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ẹnu. Ẹ má da omi bátìrì sí eyín, ẹ má sì lẹ aspirin mọ́ ẹran ìdí eyín, torí ó ń jó o. Bí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n bá wú, tí ara gbóná, tí itọ́ kò ṣeé gbé mì tàbí tí mímí ń nira, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lóru náà.