Jíìpù àti Epo Tí Ó Ń Mu

Nígbà tí oṣù Ògún bá dé ìdajì, tí iṣu tuntun ti jáde, tí àwọn ará Savalou sì ń múra ọdún iṣu tí wọ́n máa ń ṣe ní ọjọ́ 15 oṣù náà, ẹni tí ó bá jókòó sí etí títì tí ó ti Dassa wá, tí ó la Savalou àti Bantè kọjá, tí ó sì forí lé Bassila àti Djougou, yóò rí ọkọ̀ àwọn ọmọ wa tí ń ti Cotonou bọ̀ wálé, ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì. Èyí tí ojú kì í sì í fò dá nínú wọn ni jíìpù, ọkọ̀ gàgàrà, a-fi-àyà-ti-atẹ́gùn, a-rí-kòtò-má-sá, tí ẹrẹ̀ kì í dá dúró lọ́nà oko. Èmi kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò wúlò ní Atokoligbé, ìlú wa. Ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà oko wa, òjò a sì máa gbẹ́ ẹ ní kòtò kòtò, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ní iṣu tàbí gàrí láti kó jáde yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá so erin mọ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ iye koríko tí erin ń jẹ lóòjọ́.

Koríko jíìpù ni epo mọ́tò, èyí tí àwa ará Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní ẹsáǹsì, ó sì ti pẹ́ tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń gba ẹ̀bá ọ̀nà wọlé láti Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí kpayo, tí a ń tà nínú ìgò àti ṣágo lórí tábìlì pákó. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ẹ̀bìbí ọdún 2023, ọjọ́ tí Bọ́lá Tinúbú gorí àga ààrẹ ní Nàìjíríà, ó kéde pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo ti dópin. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá: kò pẹ́ rárá tí owó kpayo fi fò sókè lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, tí ẹni tí kò bìkítà tẹ́lẹ̀ nípa ohun tí ọkọ̀ rẹ̀ ń mu sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Jíìpù tòkunbọ̀ ni ó ń wà, ó sì dá a lójú pé àwọn tí ń ta epo ló ń rẹ́ òun jẹ, títí ó fi gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan, tí èmi sì bá a lọ. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì bi í pé, “Bàbá, lítà mélòó ni ọkọ̀ yín ń mu lórí kìlómítà 100?”

Bàbá ní, “Ọmọ mi, ó ń mu púpọ̀ ni.”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Púpọ̀ kì í ṣe òǹkà. Ẹ lọ ra ìwé kékeré kan àti gègé, kí ẹ fi wọ́n sínú ọkọ̀, kí ẹ padà wá bí ẹ bá ti rìnrìn àjò kan tán.”

Inú bí bàbá díẹ̀, nítorí kò tíì ju ọdún kan lọ tí ó kọ́ ìwé kíkà ní kíláàsì àwọn àgbà, ó sì rò pé ọmọ náà ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọmọ náà ní kí ó ṣe ni gbogbo ẹni tí ó ní ọkọ̀ yẹ kí ó mọ̀ kí ó tó ná kọ́bọ̀ lórí àtúnṣe. Lọ sí ilé epo, kí o rọ epo kún táǹkì títí tí ẹnu ẹ̀rọ yóò fi dá dúró fúnra rẹ̀. Ka iye kìlómítà tí ó wà lójú aago ọkọ̀, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Máa wà á bí o ti ń wà á. Nígbà tí epo bá ń lọ tán, padà sí ilé epo kan náà, rọ ọ́ kún bí ti àkọ́kọ́, kọ iye lítà tí ó gbà, kí o sì tún ka aago. Bàbá kọ 186420 ní ọjọ́ kìíní, ó sì kọ 186870 nígbà tí ó padà. Àwa méjèèjì jókòó, a yọ ti ìṣáájú kúrò nínú ti ìkẹyìn, a rí 450. Lítà 63 ni táǹkì gbà. A pín 63 sí ọ̀nà 450, a sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀: lítà 14 lórí kìlómítà 100. Mo rí i bí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ 14 náà gàdàgbà, tí ó sì fi ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò tún sọ pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ mọ́, àfi bí ìwé bá jẹ́rìí sí i.

Níbo ni lítà 14 ń gbà lọ? Ju ìdajì lọ dáadáa nínú agbára tí ó wà nínú epo ni ó ń di ooru lásán nínú ẹ́ńjìnnì, tí ó ń bá èéfín àti omi tí ń tutù lọ, kò sì sí ohun tí awakọ̀ lè ṣe sí èyíinì. Ìyókù tí ó kù ni a ń ná lórí ohun mẹ́ta: ìwúwo ọkọ̀, táyà tí ń yí lórí ilẹ̀, àti atẹ́gùn. Ibi atẹ́gùn yìí ni ó yẹ kí a jókòó sí, nítorí pé ibẹ̀ ni jíìpù ti yàtọ̀ sí ọkọ̀ kékeré, ibẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn kì í wò.

Na ọwọ́ rẹ síta láti ojú fèrèsé nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láàárín ìlú, kí o sì yọ àtẹ́lẹwọ́ sí iwájú. Atẹ́gùn yóò rọra fọwọ́ kàn án bí abẹ̀bẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn yóò sì ti ọwọ́ náà sẹ́yìn bí ẹni tí ń bá ọ du nǹkan. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ipá atẹ́gùn kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni í dà. Awakọ̀ tí ó sì kúrò lórí kìlómítà 80 ní wákàtí kan tí ó bọ́ sórí 110 ti sọ ìjàkadì tí ọkọ̀ rẹ̀ ń bá atẹ́gùn jà di ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí yóò fi ṣáájú ẹni tí ó fara balẹ̀ dé Savalou. Jíìpù ga, àyà rẹ̀ gbòòrò, bí ògiri ni ó ń bá atẹ́gùn pàdé; a sì tún máa ń gbé pẹpẹ irin sórí òrùlé rẹ̀, tí a kì í sọ ọ́ kalẹ̀ títí ọdún fi ń yípo. Wọ́n ti dán an wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé àpótí ẹrù ńlá lórí òrùlé lè gba láti 6 dé 17 nínú ọgọ́rùn-ún epo lójú ọ̀nà tó já gaara. Ẹrù tí ó bá lè wọ inú ọkọ̀, inú ọkọ̀ ni kí ó wà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà pàápàá ti fi òfin kọ́ ẹ̀kọ́ eré àti epo yìí rí. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tí ó ní epo kọ̀ láti tà á fún wọn nítorí ogun Ísírẹ́lì, àwọn ọkọ̀ sì tò lọ bí ìjàlọ níwájú ilé epo. Nígbà tí ó di oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1974, Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin tí ó fi eré ọkọ̀ jákèjádò ilẹ̀ náà mọ sí nǹkan bí kìlómítà 88 ní wákàtí kan. Ọdún 1995 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́ pátápátá. Bí ilẹ̀ tí ó lówó tó bẹ́ẹ̀ bá lè ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ fà sẹ́yìn nítorí epo, kò yẹ kí ojú ti ọmọ Atokoligbé láti rìn jẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn atẹ́gùn, ẹsẹ̀ awakọ̀ ni. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko, n kò sì mọ ibi tí òwe náà ti bá ọ̀rọ̀ mu ju orí títì lọ. Gbogbo eré tí a fi epo rà, bí a bá já lu bíréèkì, a ti sọ ọ́ di ooru lára irin, kò sì tún ní padà sínú táǹkì mọ́. Ẹni tí ó bá ń wo iwájú, tí ó rí agbo ewúrẹ́ tàbí ọkọ̀ akẹ́rù lókèèrè, tí ó sì tètè gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ti fi epo pamọ́. Ẹni tí ó tẹná dé ìdí wọn kí ó tó já bíréèkì ti fi ajere pọnmi. Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí àṣà kan tí ó wọ́pọ̀ níbi òkè àti ìsàlẹ̀ agbègbè wa: àwọn awakọ̀ a máa yọ jíà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ epo ná. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ ayé àtijọ́. Nínú ọkọ̀ òde òní, bí jíà bá wà nínú rẹ̀ tí a sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ́ńjìnnì a dá epo dúró pátápátá títí eré ọkọ̀ yóò fi lọ sílẹ̀ púpọ̀. Bí a bá yọ jíà sílẹ̀, yóò tún máa mu epo kí ó má baà kú, bíréèkì nìkan ni yóò sì máa di ọkọ̀ tí ó wúwo bí àpáta mú. Ẹ̀mí ni wọ́n fi ń wá epo tí kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí mẹkáníìkì wo ọkọ̀ bàbá, ó kọ́kọ́ fi gééjì wọn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìwé pélébé tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn awakọ̀ sọ pé báà (bar) 2,2 ni kí atẹ́gùn wọn jẹ́. Méjì jẹ́ 1,7, ẹ̀kẹta 1,8, ẹ̀kẹrin kò ju 1,5 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà: táyà tí ó rọ̀ a máa tẹ́ sílẹ̀, a máa wúwo láti yí, a sì tún máa tètè jẹ. Òwúrọ̀ ni kí a wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn, nítorí ooru a máa mú òǹkà gùn sókè. Lẹ́yìn náà ọmọ náà ní kí bàbá wa ọkọ̀ lọ sí ẹ̀yìn ìlú kí ó sì padà láìtẹ bíréèkì púpọ̀. Bí ó ti dé, ó na ọwọ́ sí ẹ̀bá irin ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Nígbà tí ó dé ti ẹ̀yìn lápá òsì, ó fa ọwọ́ padà wéré. Ooru tí ń jáde níbẹ̀ dà bí ti ẹnu ààrò. Bíréèkì ẹsẹ̀ náà ti há, ó ti ń di ọkọ̀ mú láti ìgbà tí a kò mọ̀, bí ọmọ tí ó rọ̀ mọ́ ìró ìyá rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ó lọ sọ́jà.

Ìyókù kò gùn. Bí jíìpù bá ní ọ̀pá tí a fi ń so ẹsẹ̀ mẹ́rin pọ̀, inú ẹrẹ̀ ni kí ó máa wúlò, kì í ṣe orí títì. Irinṣẹ́ tí a kò lò, àpò sìmẹ́ńtì àjókù, kí wọ́n kúrò lẹ́yìn ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ó dúró tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ké, nítorí pé a ń kí ará ilé, lè jó lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan. Láàárín ìlú, ṣí fèrèsé. Lórí eré, tì í, kí o sì lo ẹ̀rọ tí ń mú ọkọ̀ tutù níwọ̀nba. Ní ti asẹ́ atẹ́gùn tí eruku ọyẹ́ máa ń dí, kí a pààrọ̀ rẹ̀ nítorí agbára ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tan ọ́ pé yóò dín epo kù lọ títí nínú ọkọ̀ òde òní. Ọkọ̀ oní-kabúrétọ̀ ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Iná ẹ́ńjìnnì tí ó bá tàn lójú pátákó ni kí a má fi ṣeré, nítorí pé sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tí ó bàjẹ́ lẹ́nu ihò èéfín lè mú kí ọkọ̀ máa mu epo ju bí ó ti yẹ lọ fíìfíì.

Bí epo bá sì wọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ kó o pamọ́ sínú yàrá. Ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 2023, iná sọ ní ibùdó kan tí wọ́n ń kó kpayo pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké, ẹ̀mí tí ó bá a lọ sì ju 30 lọ.

Wọ́n tú bíréèkì tí ó há, wọ́n fẹ́ táyà dé 2,2, wọ́n sọ pẹpẹ irin kalẹ̀, bàbá sì gbà láti má kọjá 80. Nígbà tí ó tún rin kìlómítà 450, táǹkì gba lítà 54, èyí tí í ṣe 12 lórí 100. Ká ní 650 fáránkì ni lítà kan, fáránkì 5850 ni ó kù sí àpò rẹ̀ nínú ìrìn àjò kan ṣoṣo. Ó kọ 12 sí abẹ́ 14, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òǹkà kọ̀ọ̀kan: ọ̀nà oko, ẹrù iṣu, òjò.

Lẹ́yìn ọdún iṣu, òǹkà gun 13. N kò sí nílé nígbà náà. Ìyàwó rẹ̀ ni ó sọ fún mi pé bàbá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ka “ẹrù iṣu” sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó gbójú sókè wo òrùlé ọkọ̀, níbi tí àwọn ọmọ ti so pẹpẹ irin padà tí wọn kò tú u, ó sì dìde, ó ní kí wọ́n bá òun wá sípánà.