Odídẹrẹ́ àti Ìkóódẹ

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Iléṣà, wọ́n ní ẹyìn tí odídẹrẹ́ ń jẹ ló ń mú ìrù rẹ̀ pọ́n. Irọ́ ni o. Àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò: ara ẹyẹ náà ló ń ṣe pupa yẹn fúnra rẹ̀. Bí ìyẹ́ bá gbó, á já bọ́, tuntun á hù. Èyí tó wà láàyè á máa fún wa ní ìkóódẹ lọ́dọọdún. Èyí tí wọ́n pa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Wọ́n sì ti ń tán nígbó. Láti 2017 ni àdéhùn CITES ti fòfin de kíkó tinú igbó lọ tà nílẹ̀ òkèèrè.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ìkóódẹ ìtẹ̀fá l'Óṣogbo, ẹ wo ìdí ìyẹ́ náà. Èyí tó já fúnra rẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní. Bí ẹ̀jẹ̀ bá gbẹ mọ́ ọn, wọ́n fà á tu ni. Èmi kì í rà á.