Òkèlè Ò Lọ Mọ́, Ẹkún Ni Mò Ń Sun Lóru

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 44 ni mí, Ìkátẹ̀ Ẹlẹ́gúṣì ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa ń gbé. Nígbà tí mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fi gastric band sí mi nínú, torí ẹ̀jẹ̀ ríru àti orúnkún tó ń dùn mí. Mo jò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan ni oúnjẹ ti ń há mi láyà. Bí mo bá gbé òkèlè àmàlà mì, á dúró sí àárín àyà, itọ́ á máa hó lẹ́nu mi títí n ó fi sáré lọ bì í. Ìyá ọkọ mi rò pé oyún ni. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀ pé mo ṣe iṣẹ́ abẹ; eré ìdárayá la sọ fún àwọn yòókù pé mo fi jò. Mi ò lọ òde mọ́. Tó bá di òru, áísìkirímù àti mọ́ọ̀tì ni mò ń mu, n ó sì máa sunkún. Ṣé èmi ni mo fi ọ̀kánjúwà ba iṣẹ́ abẹ náà jẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrora, ẹ kú àmúmọ́ra. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn lẹ́tà yín ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló wúwo jù. Ọ̀kánjúwà kọ́. Ẹni tí òkèlè kan ṣoṣo há láyà, ibo ni ọ̀kánjúwà ti wọ ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ó lè jẹ́ pé ohun tó wà nínú yín ti fún jù, ó lè jẹ́ pé ó ti yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe kọ́ yín láti kékeré pé kí ẹ máa jẹun ni kò bá a mu. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní àtúnṣe.

Nítorí àwọn òǹkàwé tí kò mọ̀ ọ́n, òrùka sílíkónì ni gastric band. Àwọn oníṣẹ́ abẹ á fi yí òkè àpò oúnjẹ ká, nísàlẹ̀ ibi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọ inú rẹ̀. Àpò náà á wá dà bí akèrègbè tó lọ́rùn tóóró: ohun tí òkè ọrùn náà lè gbà kò ju bíi ṣíbí ìjẹun méjì lọ níbẹ̀rẹ̀, ìyókù wà nísàlẹ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan so òrùka yìí mọ́ ojú ibi ìgbabẹ́rẹ́ kékeré kan lábẹ́ awọ ikùn. Omi iyọ̀ tí dókítà bá fi abẹ́rẹ́ fà sí i ló ń mú kó fún. Tó bá fa omi náà kúrò, á dẹ̀. Bí oúnjẹ bá há sí ọrùn yẹn, ara á máa da itọ́ lé e lórí kó lè tì í lọ, itọ́ náà ò sì ríbi gbà. Ohun tó ń hó lẹ́nu yín nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹnì kan fún yín jẹ, kì í sì í ṣe oúnjẹ ojú oorun. Ní ti oyún, obìnrin tó bá jò máa ń tètè lóyún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ kí ọkàn ìyá lè balẹ̀, kí tiyín náà sì balẹ̀.

Àwa Yorùbá kì í rún òkèlè. A máa ń gbé e mì ni. Ọmọdé tó bá ń rún iyán lẹ́nu, àwọn àgbà á ní kò tíì mọ oúnjẹ jẹ. Ẹ wá wo ohun tí band ń fẹ́. Paul O'Brien, oníṣẹ́ abẹ ará Australia tó wà lára àwọn tó kọ́ ayé bí a ṣe ń lò ó, ní kí ènìyàn bu díẹ̀, kó rún un kúnná, kó gbé e mì, kó sì dúró bí ìṣẹ́jú kan kó tó bu òmíràn. Ìṣẹ́jú kan láàárín òkèlè méjì! Nínú ilé tí gbogbo yín ti jọ ń bọ ọwọ́ sí àwo, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á dà bí ẹni tó ń bínú. Ìwà tí ó ti lé ní ogójì ọdún lẹ́nu yín ni wọ́n ní kí ẹ pa tì, kò sì sẹ́ni tó bá yín ṣàlàyé bó ṣe kan àmàlà. Ẹ má fi ara yín bú mọ́.

Àárọ̀ tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní band máa ń sọ pé òwúrọ̀ ló ń fún jù. Ẹni tó bá sì ń jáde láti Ìkátẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́, inú ọkọ̀ ló ti ń jẹ búrẹ́dì Agége, kíákíá, pẹ̀lú ẹ̀rù pé òun á pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Búrẹ́dì rírọ̀ wà lára ohun tó tètè ń há jù lọ, òun àti ìrẹsì tó ti lẹ̀ mọ́ra, ẹran gbígbẹ àti òkèlè tó fà. Ẹ jẹ́ kí ti àárọ̀ jẹ́ ògì gbígbóná tàbí nǹkan olómi mìíràn, kí ẹ sì fi ohun tó ní rírún sí ọ̀sán. Ẹja ẹpìyà tútù láti ọjà Jakande tí ẹ bá sè lọ́bẹ̀, mọ́ínmọ́ín rírọ̀, ẹyin, gbẹ̀gìrì: ìwọ̀nyí máa ń lọ, wọ́n sì ń ṣe ara lóore. Bí nǹkan bá há, ẹ má da omi lé e, omi náà ò ní ríbi gbà. Ẹ dìde, ẹ rìn díẹ̀, kí ẹ sì fi nǹkan olómi nìkan lo ìyókù ọjọ́ náà, torí ibẹ̀ á ti wú.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìmọ̀ràn oúnjẹ yìí kò tó bí band náà bá ti fún jù. Ìlànà ilẹ̀ Britain ní kí àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà máa bójú tó ènìyàn fún ọdún 2 ó kéré tán. Ẹ ti wá sílé, àtẹ̀lé náà sì já. Ẹ kọ̀wé sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ yín ránṣẹ́: irú band tó jẹ́, àti ìwọ̀n omi tó wà nínú rẹ̀. Ẹ mú un lọ bá oníṣẹ́ abẹ tó mọ̀ nípa rẹ̀ níhìn-ín, ẹ sì béèrè fún X-ray tí wọ́n máa ń yà bí ènìyàn ṣe ń mu omi funfun, kí wọ́n lè rí bóyá ó ti yẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ lásán gún ojú ibẹ̀, abẹ́rẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Èyí tí kò bá yẹ lè lu ú jò. Ẹ má sì lo ibuprofen tàbí diclofenac fún orúnkún láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà, wọ́n lè dá egbò sí àpò oúnjẹ.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la: bí omi lásán tàbí itọ́ yín kò bá lọ mọ́, bí inú bá ń dùn yín kíkankíkan, bí ibà bá dé pẹ̀lú rẹ̀, bí ẹ bá bi ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ìgbẹ́ yín dúdú bí ọ̀dà. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni ti fítámì B1. Ẹni tó bá ń bì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè pàdánù rẹ̀ lára, ojú rẹ̀ á máa rí nǹkan ní méjì-méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa ta gẹ́ẹ́gẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì máa dàrú. Nílé wa níbí, bí ara ò bá ti yá, kíá la ti ń sọ pé kí wọ́n fa omi sí wa lára. Ẹ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ẹ ti ń bì fún ọjọ́ pípẹ́, kí wọ́n fún yín ní B1 kó tó di pé wọ́n fa omi glúkóòsì, torí glúkóòsì láìsí B1 lè ba ọpọlọ jẹ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ní ti áísìkirímù òru, mo bẹ̀ yín, ẹ dẹ́kun pípe ara yín ní alájẹkì. Ara tí ebi ń pa á wá ohun tó lè kọjá, ohun dídùn olómi ló sì ń kọjá láìjà. Àwọn oníṣègùn ti rí i lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí band wọn fún jù: wọ́n sá fún ẹja àti ẹ̀wà, wọ́n sá sídìí mọ́ọ̀tì àti súgà, wọ́n tún ń sanra bọ̀. Bí wọ́n bá dẹ band náà díẹ̀, tí oúnjẹ gidi ń lọ, ìfẹ́ ohun dídùn òru yẹn sábà máa ń rọlẹ̀. Ní báyìí, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ jẹ, ibi tí ẹ ti jẹ ẹ́, ẹni tó wà níbẹ̀, àti bí ọkàn yín ṣe rí kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Láìpẹ́ ẹ ó rí i bóyá ojú kan pàtó, tàbí ìbínú, tàbí ìkánjú ló sábà máa ń ṣáájú híhá.

Ọ̀fọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣọ̀fọ̀ náà. Àwọn kan á ní, “Ṣebí ìwọ lo fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ sí ilé iṣẹ́ abẹ?” Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lọ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti orúnkún. Ẹ kò lọ kí wọ́n lè gba ìdí àwo lọ́wọ́ yín. Láàárín wa, oúnjẹ la fi ń kí àlejò, òun la fi ń parí ìjà, òun náà la fi ń sọ fún ọmọ pé a fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí kò lè jẹ ẹ́ dáadáa mọ́ máa ń dà bí àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ síta fún ọkọ yín ní àwọn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an.

Ẹ sì padà sí òde. Àwọn Yorùbá ti ní ọ̀nà tí a ń gbà kọ oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kì í bínú sí. Bí wọ́n bá gbé àwo dé, “Ó gba ibi ire o, ẹ bá mi dì í, n ó gbé e lọ fún àwọn ọmọ.” Ta ni kò tíì gbé nylon oúnjẹ kúrò lóde rí? Ẹ jẹ díẹ̀ nílé kí ẹ tó jáde, kí ẹ lè jókòó lóde fún ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àti ijó.

Èyí tó ń jẹ yín run jù ni àṣírí náà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló fi í pamọ́. Chris Christie, tó jẹ́ gómìnà New Jersey ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣe iṣẹ́ abẹ yìí kan náà ní oṣù kejì ọdún 2013. Orúkọ mìíràn ló lò ní ilé ìwòsàn, oṣù karùn-ún ló tó sọ ọ́. Ní Britain, Fern Britton, atọ́kùn ètò tẹlifíṣọ̀n, jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbà pé oúnjẹ tó mọ níwọ̀n àti eré ìdárayá ló fi jò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ band rẹ̀ jáde ní 2008, ọ̀pọ̀ ló bínú sí i. N kò sọ pé kí ẹ kéde ara yín káàkiri Ìkátẹ̀. Ẹ yan ẹnì kan sí i péré, mo sì rò pé ìyá ọkọ yín ló yẹ kó jẹ́, torí òun ló ń wo ẹnu yín. “Màámi, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó yẹ kí n máa jẹun díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé mo dúró, ẹ má pè mí.” Ó tó bẹ́ẹ̀.

Bí dókítà bá ní kí wọ́n dẹ̀ ẹ́, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ pátápátá, ẹ má kà á sí ìfìdírẹmi. Ní 2011, nínú iṣẹ́ abẹ ìsanra 100 tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, ó lé ní 35 tó jẹ́ ti band. Nígbà tó fi di 2018, bí 1 ló kù. Àwọn oníṣẹ́ abẹ fúnra wọn ló fi í sílẹ̀, torí wàhálà rẹ̀ pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Vanessa Feltz, akọ̀ròyìn orí rédíò ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe tirẹ̀ ní 2010, wọ́n sì ní láti yọ ọ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Irú iṣẹ́ abẹ mìíràn ló ṣe ní 2019.

Ẹkún òru tó ti ń pẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò olùrànlọ́wọ́ tirẹ̀. Ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ìrònú ọkàn, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Yábàá sì ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti 1907. Mo mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ bí wọ́n bá gbọ́ Yábàá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Bí ọkàn yín bá ń sọ pé ikú sàn ju báyìí lọ, ẹ má sùn lé e. Ẹ jí ọkọ yín lóru náà, kí ẹ jọ lọ.

Lọ́sẹ̀ yìí, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù fún àkọsílẹ̀ yẹn, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Ẹ má dúró de àkọsílẹ̀ náà kí ẹ tó lọ.