Ẹ̀KỌ́ 17: OHUN TÍ TỌKỌTAYA JỌ RÀ, TA NI Ó NI Í?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ ká jọ ka ìtàn yìí.

Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu. Ọkọ ń ro oko àgbàdo. Ìyàwó ń din gàrí, ó ń tà á lọ́jà. Wọ́n jọ ra ẹ̀rọ tí a fi ń lọ àgbàdo. Iye rẹ̀ jẹ́ 600.000 fáráńkì. Ọkọ mú 350.000 wá. Ìyàwó kó èsúsú, ó mú 250.000 wá. Ẹni tó ta ẹ̀rọ kọ ìwé fún wọn. Orúkọ ta ni ó kọ síbẹ̀? Orúkọ ọkọ nìkan.

Ọdún mẹ́fà kọjá. Ìjà dé, ìgbéyàwó tú ká. Ìyàwó bèèrè owó rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ọkọ mú ìwé jáde, ó ní: «Ka orúkọ tó wà níbẹ̀.» Àwọn àgbà ilé mọ̀ pé obìnrin náà dá owó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ iye rẹ̀. Báyìí ni owó gàrí ṣe wọgbó.

Kí ni òfin wí?

Ní ilẹ̀ Benin, òfin tó wà fún ènìyàn àti ẹbí jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004. Òfin yìí wí pé ìgbéyàwó tí a ṣe níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba ní mérì nìkan ni ó lágbára lójú òfin. Bí a bá fẹ́ tú u ká, ilé ẹjọ́ ni a ń lọ.

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, tọkọtaya lè yan pé kí ohun tí àwọn bá ní lẹ́yìn ìgbà náà jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Bí wọn kò bá yan nǹkan kan, ohun tí oníkálukú rà jẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà, bí ìjà bá dé, ẹ̀rí ni a ó bèèrè.

Àwa tí a kò lọ sí mérì ńkọ́? Ìgbéyàwó ilé nìkan kò fún wa ní ẹ̀tọ́ tọkọtaya níwájú òfin. Ìwé tí a kọ nígbà tí a ra nǹkan ni yóò gbà wá. Ẹ má fi í ṣeré o!

Kí ni ká ṣe?

1. Bí ẹ bá jọ ra ilẹ̀, ẹ̀rọ, ọ̀kadà tàbí màlúù, kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà nínú ìwé.
2. Ẹ kọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá, àti ọjọ́ tí ẹ rà á.
3. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kó tẹ ìka. Ẹ pe ẹlẹ́rìí méjì.
4. Ẹ kọ ọ́ ní méjì. Kí ọkọ mú ọ̀kan, kí ìyàwó mú ọ̀kan.

Èyí kì í ṣe pé a ń retí ìjà. Ẹni tó kọ́ ilé tó sì fi ilẹ̀kùn sí i, kò pe olè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò

Ká sọ pé ìwé wà, wọ́n sì ta ẹ̀rọ náà ní 480.000 fáráńkì. Nínú 600.000 tí wọ́n dá, bí a bá pín in sí ọ̀nà 12, ọkọ dá ọ̀nà 7, ìyàwó dá ọ̀nà 5.
480.000 : 12 = 40.000
Ti ọkọ: 40.000 x 7 = 280.000
Ti ìyàwó: 40.000 x 5 = 200.000

Ẹ dáhùn

1. Kí ló dé tí obìnrin náà kò rí owó rẹ̀ gbà?
2. Kí ni ẹ jọ rà nínú ilé yín? Orúkọ ta ló wà nínú ìwé rẹ̀?
3. Ọkọ àti ìyàwó jọ ra màlúù ní 300.000 fáráńkì. Ìyàwó mú 100.000 wá. Wọ́n tà á ní 360.000. Èló ni ti ìyàwó?
4. Ẹ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú káyé yín.