Ẹ Yé Pín Èsì Sí Méjì

Ọmọ àdúgbò wa kan l'Áké na fóònù sí mi láìpẹ́ yìí, ó ní, "Bàbá, mo ti wọ two-one!" Mo ní kí n rí i. Èsì kọ́ọ̀sì méjì péré ló tíì jáde, ọ̀kan D, ọ̀kan A. Ó kọ 2 fún D, ó kọ 5 fún A, ó ro ó pọ̀, ó pín in sí méjì, ó bá 3.50. Mo bi í pé yúníìtì mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó ní èyí tóun ti gba D jẹ́ mẹ́rin, èyí tóun ti gba A jẹ́ ẹyọ kan.

Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Méjì lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 8, márùn-ún lọ́nà kan jẹ́ 5, ó di 13. Yúníìtì márùn-ún la ó sì fi pín in. 2.60 ni ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sí ìyá aládìrẹ tó máa ṣe irú ìṣirò àkọ́kọ́ yẹn n'Ítòkú. Bó bá ta aṣọ mẹ́rin ní ẹgbẹ̀rún méjì-méjì náírà, tó ta ẹyọ kan ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, kò ní máa yangàn pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àbọ̀ lòun ń ta aṣọ òun. Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá tó wà nínú àpò ló máa kà.

Ní FUNAAB tó wà ní Alábàtà, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, orí 5.00 ni CGPA, ìyẹn àpapọ̀ pọ́ìntì tí a fi àpapọ̀ yúníìtì pín, dúró lé. A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, D jẹ́ 2, F kò sì ní nǹkan kan. First class bẹ̀rẹ̀ láti 4.50, two-one láti 3.50. Ẹ má ṣe gbé òdiwọ̀n yìí lọ bá àwọn ọmọ políìtẹ́kíníìkì tó wà ní Ojere o: orí 4.00 ni tiwọn. Ẹni tó ní 3.20 lọ́hùn-ún ti wà ní upper credit. 3.20 kan náà ní Alábàtà, second class lower ni.

Àṣìṣe kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ó máa ń jọ òótọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣe yúníìtì 24 ní sẹ̀mẹ́sítà kìíní, ó gba 2.00. Ó ṣe 16 ní ìkejì, ó gba 4.00. Á ní 3.00 ni òun ní. Rárá o. 48 àti 64 jẹ́ 112. Fi 40 pín in, 2.80 ni. Ẹ̀rọ tó ń bá wọn ṣírò lórí fóònù pàápàá kò lè gbà wọ́n bí wọ́n bá tẹ yúníìtì tí kì í ṣe òtítọ́ sí i.

F ńkọ́? Òfo ni, ṣùgbọ́n yúníìtì rẹ̀ kò kúrò nínú ohun tí a fi ń pín. Láwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan, kódà bí ẹ bá tún un kọ tí ẹ yege, F àtijọ́ ṣì máa wà níbẹ̀. Ẹ bi level adviser yín, ẹ má bi ọ̀rẹ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn tó ń sọ pé ọdún ìkẹyìn làwọn máa fi tún un ṣe. Ẹni tó ti ṣe yúníìtì 120, tó wà ní 3.30, pọ́ìntì 396 ló ní. Bó bá ku yúníìtì 30, ó gbọ́dọ̀ gba 4.30 nínú wọn kó tó kan 3.50. Bó bá ku 10 péré, A ni ì bá gbà látòkèdélẹ̀, kò ní débẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, "Ṣé o pàásì?" kò tó béèrè mọ́. Ẹ ní kí wọ́n fi yúníìtì hàn yín.

Ọmọ tiwa ṣì wà ní ọdún kìíní, orí kó o yọ. Ó ti wá ìwé kékeré kan, ó fa ìlà méjì sí i. Ó kọ 13 sábẹ́ pọ́ìntì, ó kọ 5 sábẹ́ yúníìtì, ó ní kọ́ọ̀sì mẹ́fà ṣì ń bọ̀.